Ẹgbẹ̀ta Taréfà tí Deusdete Gbé Lọ sí Aracaju

Ìfura loògùn àgbà, oògùn yẹn ni mo sì ti ń lò láti kékeré. Bí ẹnìkan bá rẹ́rìn-ín sí mi láàárọ̀, títí di ọ̀sán ni mo máa ń ro ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé bí Jésù bá kan ilẹ̀kùn wa, n óò kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an wá. Nítorí náà, bí mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn Deusdete yìí, ẹ mọ̀ pé ojú tí mo fi wò ó kì í ṣe ojú tí ìyá fi ń wo ọmọ.

Abúlé kan náà ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀ sí, Quixaba, létí ibi tí ìpínlẹ̀ Sergipe ti bá Bahia pààlà. Bahia ni àwọn bàbá ńlá wa ti wá. Ọ̀dá ló lé wọn, wọ́n kó ewúrẹ́ àti igi ẹ̀gẹ́ wọn sọdá. Bàbá Deusdete ló ń wọn ilẹ̀ fún gbogbo abúlé. Ó ní ọ̀pá kan tó ga tó ọkùnrin tó na ọwọ́ sókè, ọ̀pá náà ni yóò máa tẹ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oko dé òpin, tí yóò máa kà á lóhùn rara. Ejò bù ú jẹ nígbà tí Deusdete wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Ọ̀pá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tí ọ̀pá ga jù lọ fíìfíì.

Àgbẹ̀ ni Deusdete dà. Ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà ló ń gbìn bíi ti gbogbo wa, ṣùgbọ́n tó bá di ìdí ààrò nílé gaàrí, kò sí ẹni tó lè bá a du ibẹ̀. Gaàrí tiwa kì í kan, bó bá sì jẹ́ Deusdete ló yan án, kì í jó, kì í sì í rin. Òun ló gbé Neide ọmọ mi síwájú àlùfáà lọ́jọ́ ìsàmì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é ní kọ́ńpádè, tí òun náà ń pè mí ní kọ́mádè, bí ẹni tó jọ ní ọmọ níwájú Ọlọ́run ṣe ń pe ara wọn lọ́dọ̀ wa. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kó tó mọ̀wé kà. Àwọn obìnrin ìjọ tó ń wá ní Sátidé ló kọ́ wa, èmi àti ẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára ju tirẹ̀ lọ. Òun ń kọ̀wé bí ẹni ń kọ ebè.

Ọ̀dá ọdún 1983 ló sọ ọ́ di olóṣèlú. Ọkọ̀ omi ìjọba máa ń gba iwájú ilé wa kọjá lọ sí oko màlúù Aristeu, olówó àdúgbò wa, àwa ń wò ó pẹ̀lú korobá òfìfo lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan Deusdete so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ mọ́ àárín ọ̀nà, ó jókòó sí abẹ́ ikùn rẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ tẹ òun àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pọ̀, kí ó má fi ìkan sílẹ̀ kó máa sunkún èkejì. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó tú omi náà fún wa. Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìjọba, wọ́n á ní ẹ pe Deusdete. Ó di alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ agbègbè, ó sì díje dupò aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ́dún 1990. Gbogbo Quixaba dìbò fún un. Èmi pàápàá jó lọ́jọ́ tó wọlé. Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ó tó oṣù mẹ́rin kí a tó tún fojú kàn án. Lọ́jọ́ tó dé, àwa obìnrin wà nílé gaàrí, à ń bó ẹ̀gẹ́. Bí a ṣe ń bó o ni pé ẹnìkan á bó ìdajì, á jù ú sí ẹnìkejì tí ọwọ́ tirẹ̀ mọ́, kí ìyẹn bó ìyókù, kí erùpẹ̀ má baà kan ara ẹ̀gẹ́ funfun. Èmi àti Ednalva ọ̀rẹ́ mi la máa ń jọ bó tiwa. Ọwọ́ Ednalva yá, ẹnu rẹ̀ tún yá ju ọwọ́ lọ.

"Ẹ wo Dókítà wa o," ni Ednalva wí. "Bàtà yìí mà ń dán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ kí n fi di irun mi."

"Dókítà kẹ̀? Ta ni mo wò sàn rí?" ni Deusdete dá a lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ìjọba, dókítà ni wọ́n ń pè é, ìbáà má mọ̀ ju kó kọ orúkọ rẹ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí wọ́n má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo fi ìyẹn pamọ́ sínú mi.

"Kọ́ńpádè, mú ọwọ́ wá," ni mo wí.

Ó nà án sí mi. Mo yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọkọ́ ti sọ di líle ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti ń rọ̀.

"Kí lò ń wá níbẹ̀, kọ́mádè?"

"Ẹni tí mo dìbò fún ni mò ń wá."

Gbogbo ilé gaàrí rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ní ọdún kejì ló mú ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ fún àwọn abúlé tí kò ní ìwé ní ìwé tiwọn, òun sì ti fi orúkọ Quixaba síwájú. Kí ẹ mọ ohun tí èyí jẹ́ fún wa: láti ìgbà àwọn bàbá ńlá wa, a kò ní ìwé kankan lórí ilẹ̀ wa. A sì ní ibì kan tí à ń pè ní Baixa, ilẹ̀ kòtò lẹ́bàá odò. Bí ọ̀dá bá gbẹ gbogbo ayé, ẹ̀gẹ́ Baixa á ṣì tutù. Ibẹ̀ ni gbogbo opó abúlé ní oko sí. Tèmi wà níbẹ̀, òun nìkan ni mo sì ní. Wáyà Aristeu ni ó bá a pààlà, láti ayé bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fi ojú jẹ ilẹ̀ náà.

"Kí ẹgbẹ́ kọ bí ilẹ̀ wa ṣe tó sórí ìwé, kí n gbé e lọ," ni Deusdete wí.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Mo kọ ọ́ pé: Ilẹ̀ Quixaba jẹ́ ẹgbẹ̀ta taréfà. Kò sí ẹni tó bá mi jiyàn, ọmọdé tí kò tíì ní eyín mọ̀ pé ẹgbẹ̀ta ni. Taréfà kan jẹ́ ọgbọ̀n ọ̀pá ní gígùn, ọgbọ̀n ọ̀pá ní ìbú. Deusdete tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn púpọ̀ nínú rẹ̀ ka ìwé náà, ó ká a, ó fi sápò ẹ̀wù, ó bá ọ̀nà Aracaju, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, lọ.

Ọdún kan kọjá kí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ tó dé nínú jíìpù, tàwọn ti ṣéènì irin àti òpó tí wọ́n kùn ní pupa. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, àwa ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, a ń fún wọn ní kọfí. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n ri òpó tó gbẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ìhà tiwa ni òpó náà wà. Baixa wà ní òdìkejì.

"Ẹ ò tíì dé ìdí ẹ̀," ni mo sọ fún ọ̀gá wọn.

Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ẹgbẹ̀ta ti pé, ìyá. Ìyókù, ilẹ̀ ìjọba ni."

Bí wọ́n bá fi omi gbígbóná wẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, n kò ní mọ̀. Ilẹ̀ kan náà ni, a kò gé e, ojú ọ̀run kò fà á lọ, ṣùgbọ́n bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti jáde kúrò lọ́wọ́ wa. Ta ló sì jókòó pẹ̀lú ìjọba? Ta ló gbé ìwé lọ? Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àbúrò ọkọ Ednalva ti dé pẹ̀lú ìròyìn pé òun fi ojú ara òun rí Deusdete níwájú ilé Aristeu, tó jókòó sórí àga, tó ń mu kọfí.

"Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú," ni mo wí, mo sì ju ẹ̀gẹ́ ìdajì sí Ednalva.

"Kọfí nìkan kọ́ ló mu," ni Ednalva dáhùn. "Odò wa ni wọ́n fi sè é fún un."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wa lẹ́nu. Ojoojúmọ́ la fi ń bó ẹ̀gẹ́, ojoojúmọ́ la sì ń bó Deusdete. Mo rántí bàtà, mo rántí àtẹ́lẹwọ́ tó ń rọ̀, mo rántí pé kò kọ orúkọ dókítà. Gbogbo ohun tí mo ti fi pamọ́ ló jáde, tí wọ́n sì bá ara wọn mu rẹ́gí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1994 ó dé lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí àlùfáà ti lọ tán. Ìwé mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀. A pé jọ sí iwájú ilé gaàrí. Kò wọ bàtà tó ń dán lọ́jọ́ náà, èyí tún mú mi fura sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi," ni ó bẹ̀rẹ̀. "Àṣìṣe ló ṣẹlẹ̀. Taréfà wọn kì í ṣe taréfà wa. Ní Aracaju, ọ̀pá márùndínlọ́gbọ̀n ni taréfà. Ọgbọ̀n tí àwa ń kà, ti Bahia ni. Bí àwọn bàbá wa ṣe kó o wá nìyẹn, kò sì sí ẹni tó sọ fún wa. Bí ọgbọ̀n ènìyàn bá fọwọ́ sí ìwé yìí kí ọdún Jòhánù Mímọ́ tó dé, wọ́n á tún un wọ̀n. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, wọ́n á ta Baixa."

 Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín.

"Taréfà wọn kéré sí tiwa?" ni Ednalva wí. "Ọjọ́ náà ńkọ́, ṣé ó kúrú ní Aracaju ni?"

"Bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọmọ oṣù méje ṣe ọmọ oṣù mẹ́sàn-án," ni ẹlòmíràn fi kún un.

"Ẹ má fi ṣeré," ni Deusdete wí. "Ilẹ̀ yín ni mò ń sọ."

Mo dìde. Inú ń bí mi gan-an. "Kọ́ńpádè, ìwé àkọ́kọ́ tí o gbé lọ, ó gé ilẹ̀ wa kù. Èyí tí o gbé dé yìí ńkọ́, kí ni yóò gé? Ta ló gbé ẹgbẹ̀ta lọ fún wọn?"

Ó wò mí. Mo rí i pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún gbé e mì.

"Èmi ni," ni ó wí.

"Ẹ gbọ́ o. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ẹni tí ejò bá bù jẹ lẹ́ẹ̀kan, ṣé yóò tún na ẹsẹ̀ kejì sí i ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò dára. Bàbá rẹ̀ ni ejò pa, gbogbo wa la mọ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, mo sì jókòó bí ẹni tó ti borí. Ènìyàn mẹ́tàlá ló fọwọ́ sí ìwé náà. Èmi kò fọwọ́ sí i. Ó dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ó ń bẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ fìlà, ó tún un dé. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ọdún Jòhánù Mímọ́ dé ní oṣù kẹfà, a dáná, a sun àgbàdo jẹ. Kí oṣù kẹjọ tó parí, Aristeu ti ra Baixa lọ́wọ́ ìjọba. Ó fi wáyà yí i ká, ó da màlúù rẹ̀ sínú ẹ̀gẹ́ mi tó kù oṣù méjì kó gbó. Mo dúró lẹ́yìn wáyà, mo ń wò wọ́n tí wọ́n ń jẹ ewé rẹ̀. Mo ṣépè fún Deusdete débi tí ẹnu mi fi gbẹ. Nígbà tí ìbò dé ní oṣù kẹwàá, ìbò mẹ́sàn-án péré ló rí ní Quixaba. Ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó padà sídìí ọkọ́. A ní ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Kò sí oko fún mi mọ́. Lọ́dún kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìhà Lagarto, wákàtí méjì sí abúlé wa, wọ́n ní bàbá àgbà kan níbẹ̀, Nemésio lorúkọ rẹ̀, ń yá ènìyàn nílẹ̀. Mo ní taréfà méjì ni mo fẹ́. Bàbá náà gbé ọ̀pá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n, èmi ń kà á tẹ̀ lé e, nítorí n kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi ka nǹkan. Nígbà tó dé ọ̀pá márùndínlọ́gbọ̀n, ó dúró, ó fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀.

"Bàbá, ó ku ọ̀pá márùn-ún," ni mo wí.

"Ọ̀pá márùn-ún wo?"

"Ọgbọ̀n ni taréfà. Ẹ wò ó, bàbá, opó ni mí, ẹ má fi mí ṣe ọ̀dẹ̀."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wá pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá gbọ́ nǹkan. "Ìyá, ará Bahia ni yín ni?"

"Sergipe ni wọ́n bí mi sí."

"Wọ́n bí yín sí Sergipe, ẹ wá ń wọn ilẹ̀ bí ará Bahia," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Níbí, márùndínlọ́gbọ̀n ni o. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó wù yín."

Mo bi ọkùnrin kan tó ń kọjá lórí ẹṣin. Mo bi obìnrin tó ń ta ọsàn lẹ́bàá ọ̀nà. Mo tún bi àlejò kan tí wọn kò mọ̀ rí, bóyá wọ́n ti jọ pète pèrò. Márùndínlọ́gbọ̀n ni gbogbo wọn wí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi igi ya ọgbọ̀n lọ́nà ọgbọ̀n sórí erùpẹ̀, mo ya márùndínlọ́gbọ̀n sínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Baixa. Ojú tì mí débi pé n kò lè dìde. Wọ́n bu omi fún mi, wọ́n rò pé oòrùn ló pa mí.

N kò lọ sílé kí n tó lọ bá Deusdete. Ó wà lóko, kò wọ bàtà, ó ń kọ ebè. Ó rí mi, ó dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbára lé ọkọ́.

"Márùndínlọ́gbọ̀n ni," ni mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi ni mo kọ ẹgbẹ̀ta. Ọwọ́ mi ló wà lórí ìwé yẹn."

"Mo mọ̀. Ìwé náà wà nílé."

"Kí ló dé tí o kò fi hàn wọ́n lọ́jọ́ náà?"

"Kí wọ́n lè ṣe ìwọ náà bí wọ́n ṣe ṣe mí?" Ó tutọ́ sílẹ̀. "Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń fi ọ̀pá wọn ilẹ̀, kọ́mádè. Mo tún wà láàárín wọn ní Aracaju. Bí ẹnìkan bá yẹ kó béèrè bí taréfà wọn ṣe tó, èmi ni. N kò béèrè. Ta ló máa ń béèrè bóyá ọjọ́ Mọ́ńdè ni Mọ́ńdè?"

"Kọfí Aristeu ńkọ́?" Ẹ wò mí o. Mo wá tọrọ àforíjì, mo ṣì ń béèrè ti kọfí.

"Mo lọ bẹ̀ ẹ́ kó má ra Baixa. Ó fún mi ní kọfí. Òun nìkan ni mo rí gbà níbẹ̀."

"N óò sọ fún gbogbo abúlé. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, n óò dìde, n óò sọ ọ́."

"Sọ ọ́. Wọ́n á ní mo fún ọ lówó ni."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí èmi gan-an ì bá sọ nìyẹn.

Ó tún kọ ebè méjì, ó dúró. Kò wò mí. "Ohun tó dùn mí kì í ṣe ipò. Ìbò mẹ́sàn-án. Àwa méje la ń dìbò nínú ilé mi. Ó ku méjì. Láti ọdún kan tí mo ti dé, bí mo bá pàdé ènìyàn lọ́nà, ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, ṣé eléyìí ni? Bàbá Valdice ìyàwó mi ni ìkan, ó jẹ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀. Èkejì ni n kò rí. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n lọ́kàn mi."

Mo tẹjú mọ́ ebè.

"Ẹnu rẹ ló bá mi jà, kọ́mádè. Mo sọ fún Valdice pé ọwọ́ ẹni tí mo gbé ọmọ rẹ̀ sàmì kò lè dìbò lòdì sí mi. Mo ní ìwọ ni." Ó nawọ́ sí etí oko rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú. "Taréfà kan wà níbẹ̀ tí n kò lò. Gbà á, kí o máa gbìn ín títí ayé. N kò ní fún ẹlòmíràn ní abúlé yìí. Ìwọ ni, àbí?"

Lọ́jọ́ ìbò, Ednalva ló wà lẹ́yìn mi lórí ìlà, a jọ ń fi Deusdete ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi wọlé lọ fi ìbò mi sínú àpótí fún ọkùnrin tí Aristeu ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún. Mo wo ilẹ̀ dúdú náà. Ebi wà nílé mi.

"Èmi ni, kọ́ńpádè," ni mo wí.